Khoát Anájà-má-rà

Àléébù Khoát ni pé ó máa ń nájà tí kò ní í rà. Yóò lóṣòó síwájú ọjà, yóò máa ná an títí ẹni tó ń tà á yóò fi gbà fún un, lẹ́yìn náà yóò dìde, yóò gbọn ṣòkòtò rẹ̀, yóò sì máa rẹ́rìn-ín lọ. Kì í ṣe pé kò lówó lọ́wọ́. Fàájì tirẹ̀ nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ bàtà ní ìlú Thái Nguyên ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti pàdé Nhài, ọmọ Hà Nội, tó fẹ́ fi ṣaya. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní ìsinmi ọjọ́ kan, Nhài ní kó wá sí Hà Nội kí ìyá òun lè fojú rí i, nítorí ìyá náà ti búra pé òun kò ní í fi ọmọ òun fún ẹni tí òun kò rí rí. Wọ́n fi àdéhùn sí ọ̀sán, nídìí ìsọ̀ tíì mi lẹ́bàá adágún Hoàn Kiếm. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni Khoát wọ̀, kó lè kọ́kọ́ jẹ ìgbádùn ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé obìnrin tó kọ́kọ́ yà sí lọ́dọ̀ láàárọ̀ náà, ìyá Nhài ni. Kò mọ̀ ọ́n rí, obìnrin náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì ẹlẹ́wà rẹ̀ kalẹ̀ sí láàárọ̀, kó tó gbé e kiri ìgboro. Gbogbo àwa tí à ń tajà ní Hà Nội la gbà pé oníbàárà àkọ́kọ́ ló ń ṣí ọjà ọjọ́ náà. Bó bá rà, ọjà á yá. Bó bá ná an tí kò rà, ọjọ́ bàjẹ́ nìyẹn. Khoát náà mọ̀, torí ẹja ni ìyá tó bí i ń tà.

Ó ní kó ṣí apẹ̀rẹ̀, kó bu ìrẹsì, kó wọ́n àlùbọ́sà díndín sí i, kó pọ́n ọn séwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kó dín owó rẹ̀ kù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin náà gbà. Ni Khoát bá dìde.

“Ẹ dá a padà, ìyá. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tẹ́ ẹ lè já a dé ni.”

“Ọmọ mi, ìwọ lo kọ́kọ́ yà. Fún mi ní iyekíye tó bá wù ọ́, ṣáà má lọ lọ́wọ́ òfo.”

“Ebi ò pa mí.”

Obìnrin náà ya ewé kan lára kàlẹ́ńdà àtijọ́, ó ṣáná sí i, ó sì fi iná náà yí apẹ̀rẹ̀ ká láti lé orí burúkú lọ. Khoát yọ fóònù, ó ya á ní fótò. Inú bí mi. Mi ò mọ̀ bóyá iná bébà ń lé nǹkan kan lọ, ṣùgbọ́n mo rí i tí obìnrin náà tú ewé náà, tó da ìrẹsì padà sínú apẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Iná ni Khoát dá síwájú tirẹ̀, ó sì lọ jayé. Ó yí adágún ká, ó gba orí afárá pupa lọ sí tẹ́ńpìlì, ó jẹ núdù ọlọ́bẹ̀ tí wọ́n ń pè ní phở, ẹlẹ́ran màlúù, abọ́ méjì, ó mu kọfí tí wọ́n po ẹyin mọ́, ó sì tún ná fìlà kan láìrà.

Nígbà tó di ọ̀sán, òun àti Nhài jókòó sórí àga kékeré nídìí ìsọ̀ mi. Ó fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín, ó na fóònù sí i. “Wo ìyá kan tí mo fi ṣeré láàárọ̀. Wo ojú ẹ̀.”

Nhài gba fóònù náà, ó wò ó. “Ìyá mi nìyẹn,” ó ní.

Ibẹ̀ ni obìnrin náà dé bá wọn, ìdajì ìrẹsì rẹ̀ ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀, ó ti tutù. Ó rí ẹni tó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó dúró. Khoát fò dìde, ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì na owó sí i, ó ní òun yóò ra gbogbo rẹ̀ ní iyekíye tí wọ́n bá pè é.

“Ọjà ti tú, ọmọ mi,” obìnrin náà dáhùn. “Àárọ̀ ni mo bẹ̀ ọ́.”

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Khoát bẹ̀ wọ́n, ó ní kí èmi náà bá òun bẹ̀ wọ́n. Nhài ní kí n yá òun ní ìṣáná, ó ṣáná sí bébà kan, ó sì fi yí àga tí Khoát ti dìde ká. Lẹ́yìn náà ó gbé apẹ̀rẹ̀ ìyá rẹ̀ rù, wọ́n sì lọ sílé. Khoát nìkan ló wọ bọ́ọ̀sì padà.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, ẹ fi Khoát kọ́gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ní ká má nájà, ṣùgbọ́n ká má fi oúnjẹ òòjọ́ ẹlòmíràn ṣeré. Ká má sì rò pé ẹni tí a kò mọ̀ rí kò lè kàn wá láéláé, torí a kò mọ ẹnu ọ̀nà tí a ó kàn lọ́la. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.