Kọ́mándà Wà Nítòsí

"Dijú ẹ, Taslimah. Mí wọlé."

Àǹtí tó ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń fi mímí pa ẹkún ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, n'Ísàlẹ̀ Gángan. Ìfun àgbò kún gọ́tà, òórùn ẹ̀ le débi pé eṣinṣin gan-an ń fi ìyẹ́ bo imú.

"Ṣíọ̀, òórùn àdúgbò yín yìí!" Àǹtí tún mú ẹyọ kan nínú ẹran díndín tí ìyá Taslimah fi ṣe é lálejò.

Látìgbà tí wọ́n ti pa àgbò tí Taslimah ń fà kiri, ọmọ náà ò jẹ nǹkan kan. Omijé ẹ̀ nìkan tó fọ gbogbo Ìsàlẹ̀ Gángan.

"Mí jáde. Ronú kan ohun tó o fẹ́ràn."

"Kọ́mándà, àgbò mi."

"Ó dáa. Ṣó ti súnmọ́ ẹ?"

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ẹkún dá wáí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Mò ń gbóòórùn ẹ̀."

"Káre! Níbo ló wà?"

"Ó wà lẹ́nu yín."

Àǹtí tu ẹran dànù. Ó bì bíi páìpù omi tó bẹ́, omi ń dà lójú ẹ̀. Taslimah dìde, ó rọra ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Ẹ má sunkún, Àǹtí. Ẹ dijú. Ẹ mí wọlé."