Àgbáǹréré Tó Ń Retí Ìkíni

Ọdún tí eyín iwájú mi ká ni mo kọ́kọ́ gbọ́ àlọ́ yìí, mo sì rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Àlọ́ mi ṣubú yàkàtà, ó ṣubú lé Àgbáǹréré onírun lórí, nínú igbó Sùmátírà ní ilẹ̀ Éṣíà. Àwọn ọdẹ ti pa ẹbí rẹ̀ tán nítorí ìwo. Òun àti abo kan ṣoṣo ló kù, olúkúlùkù nínú ẹrẹ̀ tirẹ̀, odò wà láàárín wọn. Abo náà gbóhùn sókè:

Ẹrẹ̀ mi tutù, ẹrẹ̀ mi jinlẹ̀,
Yíràá, yíràá!
Àwa méjì ló kù, wá ká bímọ,
Yíràá, yíràá!

Ara Àgbáǹréré yá gágá. Ó dìde, ó tún dùbúlẹ̀.

Ẹyẹ àgbìgbò bi í pé, "Bàbá, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ṣé ó kí mi? Mo jù ú lọ. Kó kọ́kọ́ sọ pé 'Ẹ káàárọ̀' ná."

Àgbìgbò fò lọ, ó fò bọ̀. "Ó ní àlejò ló ń kí onílé. Ẹ sọdá, kí ẹ wá kí òun."

"Kí èmi kí ọmọdé? Ó tì o!"

Ó dùbúlẹ̀ títí orin náà fi dákẹ́ lọ́dún keje. Ìgbà yẹn ló tó sáré la odò kọjá, tó ń ké pé, "Ẹ káàárọ̀ o! Ẹ káàárọ̀!" títí ó fi bá egungun nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ.

Ó wí fún ara rẹ̀ pé, "Ìwo méjì nímú, kò sí ọpọlọ kan lẹ́yìn wọn."

Abo kan ló kú. Ọmọ méjì tí wọn ì bá ti bí láàárín ọdún méje náà ni kò wáyé. Àgbáǹréré kan ló kù.