Iná Tó Ń Kú Lórí Birthe

Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹni tó bá kà á dé ìdajì, orí ẹ̀rọ ni yóò di gbogbo ẹ̀bi rù.

1.

Birthe Skovgaard ń gun àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ wọn bọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ní Odense, ìlú kan ní Denmark, àpò búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun ni búrẹ́dì ọjọ́ Ẹtì kàn lọ́sẹ̀ náà. Ó bá Preben lórí àkàbà, òun àti oníṣẹ́ iná, wọ́n ń so ojú ẹ̀rọ funfun kéékèèké mọ́ àjà.

Preben ni aṣojú tí àwọn òṣìṣẹ́ dìbò yàn. Nídìí kọfí, ó ṣàlàyé fún wọn pé bí ènìyàn bá wọ yàrá, ojú yìí á tan iná. Bí ohunkóhun kò bá mira fún ogún ìṣẹ́jú, á pa á. Ó ní ó ti tó gẹ́ẹ́ tí iná ń tàn sórí àga òfìfo láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ẹnì kan bèèrè bóyá wọn ò ní fi ṣọ́ àwọn.

Preben gbé ọwọ́ láyà. "Iná nìkan ló ń ṣọ́. Kò mọ orúkọ ẹnì kankan. Bí wọ́n bá fi ṣọ́ yín, èmi ni kí ẹ mú."

Birthe ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi gba ojú náà láàyè. Òun ló kọ́ Preben níṣẹ́ ní ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, nígbà tí ọkùnrin náà kò tíì mọ ibi tí wọ́n ń kó ife sí.

2.

Iṣẹ́ Birthe ni láti yẹ ìwé pélébé inú páálí oògùn wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Á fi rúlà irin sábẹ́ ìlà kan, á gbé awò tó ń sọ lẹ́tà di ńlá lé e, á sì dákẹ́ bí omi inú àmù. Ìka kan ṣoṣo ló máa ń rìn. Ìdí nìyẹn tí ojú inú àjà kì í fi í rí i. Iná á kú lé e lórí, á ju apá sókè, iná á tún tàn.

"Birthe tún ń kí àwọn áńgẹ́lì," làwọn ará yàrá kejì máa ń wí.

Ó kọ lẹ́tà sí Preben lórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mẹta pé iná ń kú lé òun lórí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, tí ojú ọ̀run ti ṣú láti aago mẹ́ta, Preben fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn gíláàsì ilẹ̀kùn. Ó rí Birthe tó tẹ orí ba nínú òkùnkùn, tó ń fi ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ṣiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á pe oníṣẹ́ iná kó wá fi kún ìṣẹ́jú rẹ̀. Kò pè é. Nígbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro Birthe, ó gbé àtùpà kékeré wá láti ilé, kò sì ju apá mọ́.

3.

Nígbà tí òtútù lọ tán, ilé-iṣẹ́ fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ipò alábòójútó ilé náà sì ṣófo. Preben fẹ́ ipò yẹn gan-an. Ọ̀gá wọn, Ulrikke, pe òun àti Birthe, ó sì tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì: àkọsílẹ̀ ojú inú àjà. Yàrá Birthe, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, kò sí ènìyàn níbẹ̀.

Birthe ò bẹ̀rù. Ó yíjú sí Preben, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń dúró kó sọ̀rọ̀.

"Preben, ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yìí," ni Ulrikke wí. "Ṣé ó lè ṣàṣìṣe?"

Preben ń yí ife rẹ̀ títí ọwọ́ ife náà fi kọjú sí ògiri. "Ohun tó bá rí ló ń kọ."

"Àbúrò mi, o rí mi nínú òkùnkùn yẹn," ni Birthe wí.

"Mi ò rántí, ẹ̀gbọ́n."

Birthe nu rúlà rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó fi í sínú àpò. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà; wọ́n ti ti kọ̀ǹpútà mọ́ ọn kó tó padà dé ìdí tábìlì, kò sì rí àwọn lẹ́tà rẹ̀ mú jáde.

4.

Preben gorí àga alábòójútó. Ẹni tó bá di alábòójútó kò lè ṣe aṣojú òṣìṣẹ́ mọ́, nítorí náà wọ́n dìbò yan òṣìṣẹ́ mìíràn, Signe, Preben sì kó gbogbo lẹ́tà aṣojú fún un láì tún un wò. Ìkánjú ipò kò jẹ́ kó rántí. Ibẹ̀ ni Signe ti bá lẹ́tà Birthe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti èsì Preben lábẹ́ ìkẹta: "Mo rí i fúnra mi lónìí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wà lórí àga, iná kú. Màá bá yín tún un ṣe."

Signe kà á sókè nídìí kọfí. Kò sẹ́ni tó bú Preben. Ilé-iṣẹ́ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dá a padà sídìí tábìlì rẹ̀ àtijọ́. Ulrikke pe Birthe, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá.

"Mo lè jókòó sínú òkùnkùn," ni Birthe dá a lóhùn. "Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó rí mi tó ní òun ò rí mi ni mi ò lè jókòó sí."

5.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Preben ni búrẹ́dì kàn. Ó tètè dé. Ó to búrẹ́dì, bọ́tà àti wàràkàṣì sórí tábìlì gígùn inú yàrá kọfí, ó fi ọ̀bẹ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kí i, wọ́n bu kọfí, wọ́n jáde. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń wọlé mọ́. Preben jókòó ti búrẹ́dì tó ń tutù, kò mira, iná yàrá náà sì kú.

Kò ju apá sókè. Ó pẹ́ kó tó dìde. Bó ti dìde ni iná tàn sórí àwọn àwo tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ó mú àpò rẹ̀, ó jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀rọ kò ṣẹ̀. Ó dára kí iná máa kú lórí àga òfìfo. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ohun tó ń ṣọ́ iná jẹ́rìí ta ko ọmọ ènìyàn. Bí ẹ bá sì mọ òótọ́ tó lè gba ẹnìkejì yín là, ẹ má jókòó máa yí ife. Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ.