Ihò Ìmọ́lẹ̀ Sinyọ́rà Karla

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará àdúgbò kan ní ìlú Tọ́rínò, ní ilẹ̀ Ítálì, ti kọ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí Sinyọ́rà Karla, ayàwòrán ilé, yà fún wọn. Wọ́n ní kò yàtọ̀ sí ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀rọ̀ náà dun Sinyọ́rà wọra, pàápàá nítorí pé àárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí, ní Dubai Investments Park, ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Níbẹ̀ ni Ọlọ́ládé ti ń ṣiṣẹ́. Tí Sinyọ́rà bá ti ya ilé kan sórí ìwé, Ọlọ́ládé ni yóò fi páálí àti pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọ́ ọ ní kékeré sórí tábìlì, kí oníbàárà lè rí ohun tí ó fẹ́ fowó rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ náà dá múṣémúṣé lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ló ń kó ìdààmú bá a: Sinyọ́rà kò fẹ́ràn ìbéèrè. Ibi tí ẹlòmíràn yóò ti fa ìlà, tí yóò sì kọ nọ́ńbà sí i, ìka ni Sinyọ́rà yóò fi pa lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù lé e lórí, kí ẹni tó bá máa lóye ó lóye. Ọmọ Íńdíà kan béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ léraléra lọ́jọ́ kan. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó páálí sínú ọkọ̀ ló wà báyìí.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Sinyọ́rà gbé pílánù kẹta fún ṣọ́ọ̀ṣì náà lé Ọlọ́ládé lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ó ní tí àwọn ará àdúgbò bá kọ eléyìí náà, khalas, ó parí nìyẹn, òun yóò ti ẹ̀ka ilé kékeré yìí pa, òun kò sì ní í tún físà Ọlọ́ládé ṣe. Físà náà kò ní í pẹ́ parí. Ọlọ́ládé ká pílánù, ó gbé e lọ sílé ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, kí ó lè fara balẹ̀ wò ó.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, Anti Bọ́láwùmí, ló ń gbé. Ọlọ́yàyà ni Anti, irun ló ń dì fún àwọn obìnrin ní àdúgbò Satwa, kò sì sí ohun tí kì í gbàdúrà lé lórí. Ó ti fi òróró yan fóònù Ọlọ́ládé. Ó ti gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ ìfọṣọ tó kọṣẹ́. Ó ti bá ẹ̀rọ amúlétutù onílé wí lórúkọ Jésù, ẹ̀rọ náà sì ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ físà, ó ní kí Ọlọ́ládé jẹ́ kí òun gbé pílánù náà lọ síwájú pẹpẹ.

"Anti, ẹ jọ̀ọ́, ọfíìsì ló ni drawing yẹn," ni Ọlọ́ládé wí. "Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Tí nǹkan bá ṣe é, mo dáràn nìyẹn."

"Ó dáa, ọmọ mi," ni Anti wí.

Ó ya Ọlọ́ládé lẹ́nu pé kò jiyàn. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló fi wo pílánù náà síwá sẹ́yìn. Ògiri funfun, òrùlé pẹrẹsẹ, kò sí nǹkan mìíràn. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní ilé ìkẹ́rùsí yé e dáadáa, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó la ojú kan lórí àga pálọ̀ tó ń sùn sí, ó rí Anti tó ń jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tòun ti ẹní tí ó ká sábẹ́ apá. Ó béèrè ohun tí ẹní ń wá nínú gbọ̀ngàn tí àga kún. Anti ní ẹ̀yìn ń dun òun, tí ìwàásù bá gùn, òun á na ara òun sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìjọ mẹ́rin ló ń pín gbọ̀ngàn yẹn lò, ìwàásù wọn kì í tíì gùn tí àwọn ará Filipíìnì tó ni àsìkò tó kàn á ti máa kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n oorun ti gbé Ọlọ́ládé lọ kí ó tó rò ó débẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, níbi iṣẹ́, ó gbé pílánù sókè síwájú fèrèsé, ó sì rí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí lọ́jọ́ Sátidé. Lórí òrùlé, lókè pẹpẹ gan-an, ojú kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ju ibi yòókù lọ. Kò ní ìlà, kò ní nọ́ńbà. Kò rí roboto tán, ó gùn díẹ̀ bí ẹyin. Ọlọ́ládé rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò ya fèrèsé báyìí bí kò ṣe Sinyọ́rà? Ó mú fóònù láti béèrè, ó rántí ọmọ Íńdíà, ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ihò náà bí ó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Nígbà tí ó parí, ó tan iná lé e lórí. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ń dà bí páálí bàtà yí padà lójú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí pẹpẹ, ó rọra tàn dé ibi àga. Inú Ọlọ́ládé dùn débi pé ó pe gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó, ó sì ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Sinyọ́rà. Sinyọ́rà pè é lójú ẹsẹ̀, ó ní kí ó tún ya ihò náà nìkan ránṣẹ́.

"Má fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́," ni ó wí níkẹyìn. "Fi ránṣẹ́ sí Tọ́rínò bẹ́ẹ̀."

Àwọn ará àdúgbò gbà á. Ìyá arúgbó tó ṣáájú àwọn alátakò yọjú wo inú rẹ̀, ó ṣe àmì àgbélébùú, ó ní ibẹ̀ ni kí wọ́n ti ṣe ìsìnkú òun. Sinyọ́rà padà dé Dubai tòun ti kéèkì ńlá, ó ní kí wọ́n tún físà Ọlọ́ládé ṣe. Ìwé ìròyìn kan ní Ítálì bi í léèrè ibi tí èrò ihò náà ti wá. Ó ní òkè ló ti wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọlọ́ládé gbé fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì náà han Anti lórí fóònù, ó sì yin ọpọlọ Sinyọ́rà títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́.

Anti wọ awò ojú rẹ̀, ó wo ihò náà, ó yí àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó wo ìyẹn náà, ó ní: "Ọlọ́ládé, má bínú sí mi o, nígbà tí mo tú pílánù yẹn jáde nínú ẹní, tí mo fi òróró tẹ̀ ẹ́ níwájú pẹpẹ, mo rò pé òróró náà máa gbẹ ni."