Tapólì Orí Òrùlé

Ní ẹ̀bá ìlú Ṣakí, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń fi eruku kun ewé igi, ilé kan wà tí àwọn aláàánú kọ́ fún àwọn ọmọ tí kò ní òbí. Morádékẹ́ ni alábòójútó ilé náà, Màámi ni gbogbo ọmọ sì ń pè é. Ó láàánú púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan: bí ohun rere bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìfipamọ́ ló kù. Nílọ́ọ̀nù tó bá àga àlejò wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Àwọn abọ́ olódòdó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tó ti sán ni àwọn ọmọ fi ń jẹun.

"Bí ọwọ́ Màámi bá tó òṣùpá," Ìbídùn a máa wí, "nílọ́ọ̀nù ni wọn yóò fi wé e."

Ọmọ ọdún méje ni Ìbídùn, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Òun náà ni ikọ́ fée ń dà láàmú. Bí ọyẹ́ bá dé, àyà rẹ̀ a máa súfèé, wọn a sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo iná fín oògùn sí i nímú.

Jẹnẹrétọ̀ ilé náà ń mu epo bí ọ̀mùtí, owó mílíìkì àwọn ọmọ ló sì ń bá a lọ. Nígbà tí àwọn aláàánú fi sólà sórí òrùlé, ẹnu Màámi kò pa dé mọ́. Ó ta jẹnẹrétọ̀, ó fi ra bẹ́ẹ̀dì. Ràímì tó so sólà náà kìlọ̀ fún un pé, "Màámi, òòrùn ni oúnjẹ ẹ̀ o. Ọjọ́ tí kò bá rí òòrùn, ààwẹ̀ ló ń gbà."

Ọyẹ́ dé. Ní Ọjọ́rú kan, Màámi gbójú sókè, ó rí eruku lórí gíláàsì dídán sólà náà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn aláàánú ń bọ̀ wá wò ó. Ó ra tapólì, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀, ó ní kí Bàbá Kújọrẹ, ọlọ́dẹ ilé, lọ fi bò ó.

"Màámi, ṣé ẹni tó ń jẹun la fẹ́ bò lẹ́nu?"

"Ẹ bò ó jàre, Bàbá. Bátìrì ti kún. Kẹ́ ẹ sì so ó dáadáa, kí atẹ́gùn má gbé e."

Kókó méje ni Bàbá Kújọrẹ ta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọkọ̀ ilé ti kó àwọn ọmọ yòókù lọ sílé ìwé, Ìbídùn tí ikọ́ dá dúró sílé dákẹ́. Láti ilé ìdáná ni Màámi ti gbọ́ ìdákẹ́ náà, ó sì sáré lọ bá a. Ètè ọmọ náà ti ń dúdú. Màámi tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kùn díẹ̀, bátìrì ké pí-pí-pí, gbogbo rẹ̀ sì kú.

"Bàbá, ẹ bá mi dì í mú! Ẹ jẹ́ kó jókòó ṣánṣán!"

Ó gbá ọ̀bẹ mú, ó gun àkàbà. Kókó kìíní já. Ìkejì já. Ó ń gbọ́ àyà ọmọ náà láti ìsàlẹ̀, híì, híì, ẹ̀rù ìgbà tí kò ní í gbọ́ ọ mọ́ sì bò ó. Ọ̀bẹ yọ̀, ó ha gíláàsì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò tilẹ̀ wò ó. Kókó keje já, ó wọ́ tapólì jù sílẹ̀, ó tẹ́tí.

Kò gbọ́ nǹkan kan.

Òòrùn ọyẹ́ kò lágbára, ṣùgbọ́n ó tó.

"Iná dé!" Bàbá Kújọrẹ figbe ta. "Iná dé, Màámi!"

Ó pẹ́ tí ẹ̀rọ ti ń fín oògùn sí i nímú kí Ìbídùn tó lajú. Ó wo eruku ara Màámi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Màámi, ṣé ẹ ti tú nílọ́ọ̀nù òṣùpá?"

Nígbà tí àwọn aláàánú dé lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n béèrè ohun tó ha gíláàsì tuntun, Màámi ní, "Ọwọ́ mi ni," ó sì rò ó fún wọn láìfi ọ̀kan pamọ́. Orí àga tí kò ní nílọ́ọ̀nù ni wọ́n jókòó sí. Abọ́ olódòdó ni àwọn ọmọ fi jẹun. Ọ̀kan fọ́, Màámi kò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ilé bá dákẹ́ jù, àyà rẹ̀ a já.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun rere tí a fi pamọ́ títí kò yàtọ̀ sí ohun tí a kò ní. Ẹ tọ́jú ohun ìní yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ wá a. Nínú ìtọ́jú pàápàá, àṣejù ni baba àṣetẹ́.