Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ara Ògiri Wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí Fesibúùkù, ẹ gbà mí o!

Inú yàrá ni mo ti ń tẹ èyí, ẹkún ò jẹ́ kí n ríran.

Àwọn ẹbí Ọdúnayọ̀, àfẹ́sọ́nà mi, wà ní pálọ̀ wa ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n wá tọrọ mi.

Wọn ò tíì jókòó tán tí bàbá mi ti nàka sí fọ́tò ara ògiri.

"Bàbá tó bí bàbá mi nìyẹn. Ọ̀gá sójà ìlú Ọba! Wọ́n ja ogun àgbáyé kìíní ní Faransé, ọta ń fò lórí wọn, wọn ò ṣẹ́jú. Wọ́n tún ja ogun Hítílà nínú aṣálẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi fẹ̀yìn tì."

Òyìnbó pọ́ńbélé ló wà nínú fọ́tò. Bàbá mi dúdú bí ìdí ìkòkò.

Wọ́n ní oòrùn Ajégúnlẹ̀ ló fà á.

Bàbá Ọdúnayọ̀ bá dìde fùú.

"Ìgbéyàwó yìí ò ṣeé ṣe! Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n!"

Wọ́n ṣí fóònù wọn hàn wá. Pálọ̀ wọn ní Àpápá rèé, Kọ́nẹ́ẹ̀lì yẹn kan náà lára ògiri.

"Bàbá bàbá tèmi náà nìyẹn."

Ọdúnayọ̀ káwọ́ lérí. Èmi sá wọ yàrá.

Ẹ dúró ná. Mò ń gbọ́ ohùn bàbá mi, wọ́n rọra ń sọ̀rọ̀.

"Àna wa, ẹ jọ̀ọ́... ṣé lọ́dọ̀ Collins ní Amukoko lẹ ti rà á, ẹni tó ń ta fírémù tókunbọ̀ tòun ti fọ́tò inú ẹ̀?"

Bàbá Ọdúnayọ̀ figbe ta:

"Ó búra fún mi pé ẹyọ kan ṣoṣo ló wà!"