Òkété Pe Ìgbín Lẹ́jọ́ Nínú Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ múra láti gbè o, àlọ́ mi balẹ̀ sórí Òkété olójúkòkòrò.

Ilé Ìyá Ìgbín lábẹ́ gbòǹgbò àràbà ló wọ Òkété lójú, ló bá sáré tọ Ẹfọ̀n adájọ́ lọ. "Bàbá, èmi ni mo nilé yẹn!"

Ẹfọ̀n ní, "Kọ́kọ́ lọ kọrin ìpè fún Ìyá Ìgbín. Tó bá gbè é tí kò wá sílé ẹjọ́, ilé di tìrẹ. Tí kò bá gbè é, kò tíì gbọ́ nìyẹn, kò sì sẹ́jọ́."

Ara Òkété yá gágá! Ó dẹ́nu ọ̀nà Ìgbín, ó kọrin, kò gbọ́ ìdáhùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rẹ́nì kankan, ló bá ń gbè é fúnra rẹ̀:

Ìgbín, wọ́n pè ọ́ lẹ́jọ́ o,
Mo gbọ́ o, mo ń bọ̀.
Òkété ló pè ọ́ lẹ́jọ́ o,
Mo gbọ́ o, mo ń bọ̀.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ayọ̀ ò jẹ́ kó lè jókòó. "Bàbá, ó gbè é, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin! Ó tiẹ̀ yọrí síta kí mi!"

Ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀bọ ní, "Bọ̀dá Òkété, nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí? Ìyá Ìgbín tó ti dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ pa, tó ń sùn látìgbà tójò ti dá?"

Ẹfọ̀n dìde: "Kò sẹ́ni tí a máa dá lẹ́jọ́ níbí láìgbọ́ ìpè. O purọ́ fún wa, mo da ẹjọ́ rẹ nù!"

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àwọn aládùúgbò lọ kí Ìyá Ìgbín. Ó rọra yọrí síta. "Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ látìgbà tí mo ti sùn?"

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ mi dé. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká dá ẹni tí kò gbọ́ lẹ́jọ́.